Ilé tí Hàlímàt Ṣí Lẹ́rẹ̀kẹ́ Wò

Lọ́jọ́ tí Muzzammil alálùbọ́sà kọ́kọ́ rí Hàlímàt ní ọjà ẹja Youpwè, àyà rẹ̀ lù kìkì débi pé ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta já kúrò ní èbúté. Ọmọbìnrin náà wá ra ẹja; ó ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀kan, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó sì dá a padà.

"Àǹtí, ẹja yẹn ń dán bíi díńgí o."

"Omi ni wọ́n ń bù lé e. Inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í purọ́, bọ̀ọ̀dá: tó bá ṣì pupa, ẹja náà ò tíì bàjẹ́."

"Tèmi náà ńkọ́? Ṣé kí n lanu?"

Ó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, ẹja ni Muzzammil ń rà jẹ, títí ìpẹ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ hù sí i lára.

Àmọ́ bàbá Hàlímàt, Alàájì Bàdámọ́sí, tó ti ń gbé yàrá háyà láti ọgbọ̀n ọdún, ní òun ò ní fọmọ fún ẹni tí kò nílé.

Ni Muzzammil bá rí ilé kan ní àdúgbò Ndokoti tí báńkì gbà lọ́wọ́ onígbèsè, tí wọ́n ń tà ní ìdajì owó. Ó ṣe é bí àwọn ará wa ṣe ń ṣe é: kó tó wo ìwé, ó ti kó ààfáà méje lọ ṣàdúrà síbẹ̀, ó ti pa àgbò tó ga ju takisí lọ. Ó ku ọ̀la kó sanwó.

Hàlímàt ń ṣiṣẹ́ lọ́ọ́fíìsì notaire tó ń ṣèwé ilẹ̀. "Chéri, olólùfẹ́ mi," ó ní, "ṣé o ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ilé yìí wò?"

Òun fúnra rẹ̀ lọ tú ìwé ilé náà wò. Kọ́ńtírátọ̀ tó kan òrùlé kò tíì gbowó rẹ̀ tán, ó sì ti kọ gbèsè náà sára ìwé ilé.

"Ẹni tó bá rà á ló jogún ẹ̀. Owó ẹ á lọ, wọ́n á tún lé ẹ jáde."

"A sì ti jẹ àgbò."

"Àgbò ò lè san gbèsè onígbèsè."

Muzzammil kó ẹsẹ̀ tó wúwo bí àpò àlùbọ́sà ọgọ́rùn-ún lọ bá Alàájì. "Bàbá, mi ò nílé. Ọmọ yín ni kò jẹ́ kí n rà á." Ó na ìwé náà sí i.

Alàájì kà á tán. "Irú ẹ̀ ni mo rà nígbà tí ìyá ọmọ yìí wà láyé," ó ní. "Wọ́n lé wa jáde nínú òjò. Kò sẹ́ni tó bá mi ṣí i wò." Ó nu ojú. "Ẹni tó bá ní ojú Hàlímàt lọ́dọ̀, ó ti nílé. Máa mú un lọ."

Lọ́jọ́ yìgì, kí Hàlímàt tó fọwọ́ síwèé, ó fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀ níwájú àwọn ààfáà, ó yọjú wo inú rẹ̀.

"Ó ṣì pupa," ó ní.

Ọdún mẹ́sàn-án rèé. Yàrá háyà ni àwọn náà ṣì wà, òjò sì ń jò sí wọn lórí. Tí òórùn ẹja yíyan bá sì ti fẹ́ wọlé, Muzzammil á kàn jókòó ti ìyàwó rẹ̀, á lanu kó yọjú wo inú ẹ̀.