Ẹyọ Ìmọ́lẹ̀ Méjì

"Wọ́n ní Oyèwálé yẹn... méjì ni wọ́n o... ọ̀kan ní Calgary níbí, èkejì n'Íbàdàn... wọ́n ti so pọ̀ kí wọ́n tó pínyà... Ẹ má ní èmi ni mo sọ ọ́ o."

Àǹtí Suliat ni, lórí fóònù. Ó ní òun gbọ́ ọ lẹ́nu Oyèwálé fúnra rẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Pineridge, bí òun ṣe ń gbé cooler ìrẹsì kọjá.

"Ó ti níyàwó nílé!" Màmá mi pariwo. "Kò sí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kankan ní Saturday mọ́!"

Mo nífẹ̀ẹ́ Oyèwálé. Ibi ìsọmọlórúkọ yẹn gan-an ni mo ti kọ́kọ́ rí i, nígbà tí mò ń bu omi fún àwọn àlejò, mo sì gbọ́ ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n ojú tì mí. Ta ló máa sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun dúró ń kó ọ̀rọ̀ ọkùnrin pamọ́ sínú?

"Olólùfẹ́ mi, má sunkún," Oyèwálé ní nígbà tí mo pè é. "Mo ṣì ń bọ̀."

Ó wá lóòótọ́, nínú snow, pẹ̀lú Daddy Bámgbóyè láti Redstone, àgbà tó jókòó tì í níbi ìsọmọlórúkọ yẹn. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ ní basement wa. Màmá mi ò ní kí wọ́n dìde.

"Mà, iṣẹ́ ìwádìí mi ní yunifásítì ni mo ń ṣàlàyé..."

"Alálàyé, pẹ̀lẹ́ o!"

"Èmi ni mo bi í léèrè," Daddy ní, "àmọ́ ìwé wọn yẹn ò dúró sí mi lórí."

"Ta ló wá gbọ́ ọ délẹ̀?"

Ilé ni Màmá mi ti kọ́ mi níwèé. Nọ́ọ̀sì ni. Bí wọ́n ṣe ń tún ọ̀rọ̀ dókítà sọ kí wọ́n tó fúnni lóògùn, bẹ́ẹ̀ ló fi kọ́ mi: "Sẹ̀gi, gbọ́ ọ délẹ̀, kó o tún un sọ bó ṣe jẹ́."

Mo jáde láti kíṣìnì, mo kúnlẹ̀.

"Èmi ni, Màmá. Ó ní: 'Daddy, ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tíntìntín méjì ni. Tí wọ́n bá ti so pọ̀, ká fi ọ̀kan sí Calgary, ká gbé èkejì lọ s'Íbàdàn, tá a bá yẹ ọ̀kan wò, ìdáhùn rẹ̀ á bá ti èkejì mu. Ìdánwò sì ti fi hàn pé kì í kàn ṣe ìdáhùn tí kálukú gbé dání látilé. Ohun tó wá fà á, a ṣì ń jiyàn lé e lórí. Ṣùgbọ́n ìsopọ̀ yẹn ò lè jíṣẹ́ fúnni. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lọ́kàn, àfi kó lanu sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́ sir, kí lorúkọ ọmọbìnrin tó ń bu omi fún wa yẹn?'"