Oògùn Orúnkún Kì í Ṣe Oògùn Inú

Onítáìsì kan ń lẹ táìsì sí ilẹ̀ ilé ìdáná ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá sì ti ṣe é pẹ́, orúnkún rẹ̀ á máa yọ ọ́ lẹ́nu. Ìdí nìyí tí oògùn ara ríro kì í fi í wọ́n lápò rẹ̀, tó ń jẹ ẹ́ bí ẹní ń jẹ ẹ̀pà.

Nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n yìí. Ó rí i tí àbúrò rẹ̀ di ikùn mú, tó sì ju oògùn sẹ́nu.

"Kí lo gbé mì yẹn?"

"Oògùn orúnkún ni. Inú ló ń run mí, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣebí ìrora ni gbogbo ẹ̀."

"Ṣé o ti jẹun?"

"Tí mo bá lẹ ibí tán."

"Àtìgbà wo ni inú ti ń run ẹ́?"

"Ó ti pẹ́. Á lọ, á tún dé. Tí mo bá sì jẹun yó, tí mo tún dorí kodò sídìí táìsì, nǹkan kíkan á máa ru bọ̀ lọ́nà ọ̀fun, àyà á máa ta mí. Ìyàwó mi ní ata ni. Mo fi ata sílẹ̀, kò lọ."

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ìgbẹ́ ẹ ńkọ́? Àwọ̀ wo ló ní?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ohun tí wọ́n ń bi àgbàlagbà nìyẹn?"

"Èmi náà ni mo ń nùdí fún ẹ ní kékeré. Dá mi lóhùn."

Ó wolẹ̀. "Láti ìjẹta ló ti dúdú bí ọ̀dà. Mi ò sọ fún ìyàwó mi. Òòyì sì ń kọ́ mi."

"Dìde. Ọsibítù yá."

"Mo ti po sìmẹ́ǹtì. Ó máa le."

"Ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ ló ń dà sí ẹ nínú, o ń sọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì."

Nọ́ọ̀sì gbé garawa sìmẹ́ǹtì náà, ó lọ dà á nù síta. Ẹ̀rù wá ba onítáìsì, ó dìde.

Ní ọsibítù, dókítà rí ọgbẹ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú ikùn rẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí kan wà níbẹ̀, oògùn ara ríro tó ń jẹ sì ti dá kún un. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, wọ́n sì fún un ní oògùn tó yẹ.

"Ọpẹ́ ni pé aṣọ ṣì bá Ọmọ́yẹ," ni nọ́ọ̀sì sọ fún ìyàwó àbúrò rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn wa, inú rírun àti àyà títa tí kò yéé padà wá kì í ṣe ẹjọ́ ata nìkan. Ó lè jẹ́ ọgbẹ́ tàbí kòkòrò, ó lè jẹ́ ọtí, sìgá, òkúta inú àpò òróòro, tàbí oògùn tí à ń dá lò. Ó sì lè jẹ́ pé a jẹun tán, a dùbúlẹ̀ tàbí a dorí kodò. Ẹ lọ ṣàyẹ̀wò kí ẹ lè mọ èyí tó jẹ́. Ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tó bá ń bi ẹ̀jẹ̀, kó má dúró dọ̀la. Ẹ má sì tijú láti sọ ọ́. Ohun tí onítáìsì yìí fi pamọ́ fún ìyàwó rẹ̀ ló kù díẹ̀ kó pa á.