Warona Di Wáyà Mú

Warona jí ní àárọ̀ Sátidé. Ó fò sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Gbì!

"Màmá, ṣé Nkuku ti dé?"

"Kò tíì dé. Lọ bọ́jú ẹ ná."

Nkuku ni ìyá bàbá Warona. Abà màlúù ló ń gbé, ibẹ̀ sì jìnnà gan-an. Lónìí, Nkuku ń bọ̀ wá wo Bàbá Àgbà nínú tẹlifíṣọ̀n.

Bàbá Àgbà ti kú. Ṣùgbọ́n nígbà tó wà láyé, bàbá Warona ya fídíò rẹ̀. Nínú fídíò náà, Bàbá Àgbà ń pe àwọn màlúù rẹ̀ lórúkọ.

Nkuku kò wo fídíò náà rí. Láti ìgbà tí Bàbá Àgbà ti lọ, Nkuku kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀.

Gbogbo fídíò ilé Warona wà nínú àpótí dúdú kan. Àpótí náà wà ní igun yàrá, lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Ó máa ń kùn bí oyin. Hùùùùù.

Ọjọ́ tí Warona kọ́kọ́ rìn wà nínú rẹ̀. Ìgbéyàwó Màmá wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí ewúrẹ́ jẹ fìlà Bàbá náà wà nínú rẹ̀!

Àpótí funfun kékeré kan wà lójú fèrèsé, ní igun kan náà. Ó ní ìwo méjì lórí. Warona ń pè é ní Oníwo.

Bàbá ti ṣàlàyé fún Warona. "Àpótí dúdú á gba inú wáyà gbé fídíò fún Oníwo. Oníwo á jù ú sínú afẹ́fẹ́. Tẹlifíṣọ̀n á sì hán an!"

"Bíi bọ́ọ̀lù?"

"Bíi bọ́ọ̀lù gan-an."

"Kò kò! Ẹ̀yin ará ilé! Kò kò!" Ohùn kan dún lẹ́nu ọ̀nà.

Nkuku ti dé! Warona sáré lọ dì mọ́ ọn.

Nkuku wọ bàtà tuntun. Ó wé aṣọ tuntun mọ́rí. Ó kun òróró sójú, ojú rẹ̀ ń dán.

"Háà, Nkuku!" ni Màmá wí. "Ẹ mà múra o! Ibo lẹ ń lọ?"

"Ṣé o ò mọ̀ ni?" ni Nkuku dáhùn. "Ọkọ mi ni mo wá wò."

Nkuku jókòó sórí àga ńlá. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú. "Ó yá, Ìyá Warona. Pè é jáde fún mi."

Màmá tẹ rìmóòtù. Tẹ̀!

Òrùka kékeré kan yọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Ó ń yí. Ó ń yí. Ó ń yí.

Kò sí Bàbá Àgbà.

Màmá pa tẹlifíṣọ̀n. Ó tún un tàn. Tẹ̀!

Òrùka náà ń yí. Ó ń yí. Ó ń yí.

Kò sí Bàbá Àgbà.

Màmá pe Bàbá lórí fóònù. Fóònù kò lọ. Bàbá ń wa ọkọ̀ ẹrù bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

"Ẹ má bínú, Nkuku," ni Màmá wí. "Ó jọ pé kò ní ṣeé ṣe lónìí."

Nkuku ń wo bàtà rẹ̀ tuntun.

"Kò burú," ló wí. Ohùn rẹ̀ kéré. "Àwọn màlúù ń retí mi. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ." Ó na ọwọ́ mú báàgì rẹ̀.

"Rárá o!" ni Warona pariwo. "Mi ò tíì ṣe tán!"

"Warona, fi í sílẹ̀."

"Mi ò tíì ṣe tán, Màmá. Nkuku, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ mu tíì ná."

Nkuku wo Warona títí. "Ọmọ yìí! Orí kunkun bàbá bàbá ẹ lo gbé wáyé." Ó gbé báàgì sílẹ̀. "Ó dáa. Ìyá Warona, po tíì fún mi. Kí ṣúgà pọ̀ níbẹ̀ o."

Warona dúró. Ó ronú. Ta ni bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ó wo tẹlifíṣọ̀n. Iná wà níbẹ̀. Kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n.

Ó wo Oníwo. Oníwo ń ṣẹ́jú. Wìn, wìn, wìn. Kì í ṣe Oníwo.

Ó lẹ etí mọ́ àpótí dúdú. Hùùùùù. Kì í ṣe àpótí dúdú.

Wáyà ńkọ́?

Warona fi ìka lé wáyà búlúù tó jáde lára àpótí dúdú. Ó ń tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀.

Wáyà gba abẹ́ tábìlì. Ìka Warona náà gba abẹ́ tábìlì.

Wáyà gba ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Warona náà wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Eruku kó sí i nímú. Hàtíṣín!

"Pẹ̀lẹ́ o!" ni Nkuku ké láti orí àga.

Wò ó! Ẹnu wáyà wà nílẹ̀. Ó sùn gbalaja. Kò kan Oníwo rárá!

"Mo ti rí i!" Warona ki wáyà bọ inú Oníwo. Kó!

Wáyà jábọ́. Pọ́!

Warona tún un kì. Kó!

Ó tún jábọ́. Pọ́!

Warona wò ó dáadáa. Eyín kékeré kan wà lẹ́nu wáyà, èyí tó máa ń gé Oníwo jẹ kí wáyà má baà bọ́. Eyín náà ti kán.

Warona tú rọ́bà irun rẹ̀. Ó fi dè é. Pọ́! Wáyà jábọ́.

"Ó ti tó, ọmọ mi," ni Màmá wí. "O gbìyànjú."

Imú Warona dúdú fún eruku. Irun rẹ̀ dúró ṣánṣán. "Mi ò tíì ṣe tán!"

Ó jókòó sílẹ̀ ní igun yàrá. Ó ki wáyà bọ inú Oníwo. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í mú. Pinpin!

"Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́!"

Tẹ̀!

Òrùka náà yí. Ó yí. Ó pòórá!

"Phatshwaaa! Tshumuuu! Khunwanaaa!"

Ohùn ńlá kan gba gbogbo ilé kan.

Nkuku gbé ife tíì sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Òun nìyẹn," ló wí. "Òun gan-an nìyẹn."

Warona ń rẹ́rìn-ín níbi tó wà. Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ń rí.

"Warona dà?" ni Nkuku bèèrè.

"Mo wà níbí, Nkuku."

"Wá jókòó tì mí. Wá wo bàbá bàbá ẹ."

"Mi ò lè wá. Tí mo bá fi wáyà sílẹ̀, Bàbá Àgbà á lọ."

Nkuku ronú. Ó dìde dúró.

"Tí o ò bá lè wá bá wa, àwa la máa wá bá ẹ. Ìyá Warona, mú ẹ̀gbẹ́ kan tábìlì tẹlifíṣọ̀n yìí. Màá mú èkejì."

"Nkuku! Ẹ̀yìn yín ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn tó ń gbé garawa wàrà lójoojúmọ́? Jọ̀ọ́, tì í!"

Hẹ́ẹ̀n! Kẹ̀ẹ̀ẹ̀! Tábìlì yí díẹ̀. Hẹ́ẹ̀n! Kẹ̀ẹ̀ẹ̀! Tábìlì yí pátápátá.

Tẹlifíṣọ̀n kẹ̀yìn sí gbogbo àga. Ó kọjú sí Warona.

Nkuku bọ́ bàtà tuntun. Ó jókòó sílẹ̀, ó fara ti Warona. Màmá náà jókòó.

Bàbá Àgbà rèé! Ó gbé ọ̀pá sókè. "Phatshwaaa!" Màlúù aláwọ̀ dúdú àti funfun kan jáde. Mùùù!

"Tshumuuu!" Màlúù tí iwájú orí rẹ̀ funfun jáde. Mùùù!

"Ó tún ti gbàgbé Tilodi," ni Nkuku wí. "Ojoojúmọ́ ló ń gbàgbé ẹ̀!" Ó na ọrùn, ó ké: "Tilodiii!"

Màlúù kékeré kan sáré jáde nínú tẹlifíṣọ̀n. Mùùù!

Nkuku rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó fi etí aṣọ nù ún.

Ọwọ́ ń ro Warona. Ó yí ìjókòó padà. Kò jọ̀wọ́ wáyà.

Nkuku rí i. Ó fi ọwọ́ líle rẹ̀ bo ọwọ́ kékeré náà. "Ó kàn mí. Sinmi."

Warona rọra yọ ọwọ́. Nkuku di wáyà mú. Bàbá Àgbà kò lọ.

"Jẹ́ kó tún pè wọ́n, Ìyá Warona. Tún un ṣe," ni Nkuku wí.

Màmá tún un ṣe.

"Tún un ṣe."

Màmá tún un ṣe.

Ilẹ̀kùn ṣí. Kííín. Bàbá wọlé pẹ̀lú bàtà eléruku rẹ̀. Ó wo àga. Kò sí ènìyàn níbẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n.

"Ẹ̀yin ará ilé? Kí lẹ ń ṣe ní kọ̀rọ̀ yẹn?"

"Ṣíííí!" ni Nkuku wí fún ọmọ rẹ̀. "Bàbá ẹ ń pe màlúù."

Bàbá bọ́ bàtà. Ó rọra fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sórí àga. Ó rìn wá sí igun náà.

Warona sún fún un.