Ipasẹ̀ Tó Ń Bá Yìnyín Sọ̀kalẹ̀

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń fi kún ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n wo ojú ọjọ́, kí n kọ ohun tí mo rí sílẹ̀, kí n sì fi í ránṣẹ́. Tí òjò bá rọ̀ ní íńṣì kan, íńṣì kan ni mo máa kọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí wà nínú ìwé mi, tòun ti ọjọ́ àti aago, àyàfi èyí tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn. Ìyẹn ni mi ò kọ.

Wendell ni orúkọ mi. Tamarack Gap là ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè. Lókè, yìnyín ló máa ń bọ́. Nísàlẹ̀, òjò ni. Ibi tí méjèèjì ti pàdé là ń pè ní ẹnu yìnyín, kì í sì í dúró lójú kan. Tí ooru bá mú, á gòkè. Tí òtútù bá mú, á sọ̀kalẹ̀. Ilé mi wà ní ẹgbẹ̀rún méjì ó lé irínwó ẹsẹ̀ bàtà. Ilé Thora, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, wà ní òdìkejì ọ̀nà. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí tèmi.

Emmet, ẹ̀gbọ́n mi, gòkè lọ ní ọdún méjì sẹ́yìn láti tún òrùlé ahéré ọdẹ rẹ̀ ṣe. Àárọ̀ Sátidé ni. Ó bi mí ibi tí yìnyín máa dé. Mo ní kò ní wá sísàlẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, yìnyín ti bo àtẹ̀gùn ilé mi. Ọjọ́ mọ́kànlá la fi wá a. A ò rí bọ́tìnnì rẹ̀ kan.

Thora kò dá mi lẹ́bi. Kò tiẹ̀ fẹnu kan ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́sàn-án Fráídè kan, lóṣù kọkànlá ọdún yìí, Dwight yà sọ́dọ̀ mi wá mu kọfí. Òun ló ń wa ọkọ̀ ńlá tó ń gbá yìnyín kúrò lójú títì.

"Wendell, o lálejò lókè yẹn o."

"Àlejò wo?"

"Èmi mọ̀ ọ́n ni? Ipasẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo rí. Ó rìn wálẹ̀ nínú yìnyín, ó dé ibi tí yìnyín parí sí, ó bá pòórá. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ìyẹ́ ló hù."

"Ọtí ló ń pa ọ́."

"Ọtí ń pa mí lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe lẹ́nu iṣẹ́." Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó gbé ife kalẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì."

Igi ló wó lu ẹsẹ̀ òsì Emmet nígbà tó wà lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún. Àtìgbà náà ló ti ń wọ́ ọ. Kò sí ẹlòmíì lágbègbè wa tó ń rìn bẹ́ẹ̀.

Mo lọ wò ó. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àbọ̀ ẹsẹ̀ bàtà ni ẹnu yìnyín wà lọ́jọ́ náà. Ipasẹ̀ náà ti inú igbó jáde, ó gba ojú ọ̀nà agégi wálẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún hàn ketekete. Ẹsẹ̀ òsì fa ìlà gígùn. Ibi tí yìnyín ti parí, ó parí síbẹ̀. Ẹrẹ̀ ló kàn. Ẹrẹ̀ náà rọ̀ débi pé mo rì dé ọrùn ẹsẹ̀. Kò sí ipasẹ̀ kankan nínú rẹ̀ àfi tèmi. Kò sì sí èyí tó padà sókè.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé.

Láàárọ̀ Sátidé, ooru mú díẹ̀. Òjò winniwinni ń rọ̀. Ẹnu yìnyín gòkè lọ, ipasẹ̀ náà sì yọ́ dànù. Ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tó di aago mẹ́ta ọ̀sán, atẹ́gùn yí padà. Mo ń gbọ́ òjò lórí páànù, tó, tó, tó. Ó bá dákẹ́. Ẹni tó bá ń gbé lórí òkè mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Òjò ti di yìnyín nìyẹn.

Mo wa ọkọ̀ lọ. Ẹnu yìnyín ti sọ̀kalẹ̀ dé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó dín ọgọ́rùn-ún. Ipasẹ̀ ti wà níbẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ni, yìnyín kò tíì bo ojú rẹ̀.

Nígbà tí mo padà délé, Thora dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ mi. Dwight ti sọ fún un.

"Ibo ni yìnyín máa dé lọ́la?"

Àsọtẹ́lẹ̀ iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ wà lápò mi. Ẹgbẹ̀rún méjì ó lé ọ̀ọ́dúnrún ni wọ́n kọ. Ìyẹn á kọjá ilé àwa méjèèjì sísàlẹ̀.

"Ẹgbẹ̀rún méjì ó lé ẹgbẹ̀rin," mo ní. "Kò ní dé ọ̀dọ̀ wa."

Ó wò mí pẹ́. "Bí o ṣe sọ fún òun náà nìyẹn."

Ó padà sílé. Mo rí i látojú fèrèsé: ó dáná, ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ó gbé àga síwájú iná, ó jókòó. Èmi ti ilẹ̀kùn tèmi. Mo fi ọ̀pá ìdábùú há a.

Ìdákẹ́jẹ́ ló jí mi láàárọ̀ Sọ́ńdè. Yìnyín ti bo gbogbo ilẹ̀, kò nípọn ju ìka méjì lọ. Mo ṣí aṣọ fèrèsé.

Ipasẹ̀ náà gba ojú ọ̀nà wálẹ̀. Ó dé géètì Thora. Ó hàn pé ó dúró pẹ́ níbẹ̀, torí yìnyín ibẹ̀ ti di títẹ̀mọ́lẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń ti ẹsẹ̀ kan bọ́ sí èkejì láti àárín òru. Kò wọlé. Ó yí padà, ó sọdá ọ̀nà, ó kọrí sọ́dọ̀ mi.

Mo yọ ìdábùú, mo ṣílẹ̀kùn. Ipasẹ̀ náà ti gun àtẹ̀gùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó kẹ́yìn wà lórí ẹní ìnusẹ̀, iwájú rẹ̀ kọjú sínú ilé. Kò sí èyí tó padà.

Mo mú ìgbálẹ̀. Mo gbá àtẹ̀gùn, mo gbá àgbàlá dé ojú ọ̀nà. Mo ń gbá a lọ́wọ́ ni òjò winniwinni tún bẹ̀rẹ̀, tí yìnyín sì ń yọ́. Mo padà sẹ́nu ọ̀nà. Thora ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ó ń wolẹ̀ bó ṣe ń rìn. Ó dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

"O ti gbá ibí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Òjò ń rọ̀. Á yọ́ fúnra rẹ̀. Kí lo wá ń gbá?"

Mo gbọn yìnyín kúrò lára ìgbálẹ̀.

"Ó dúró ní géètì mi, Wendell. Oorun ló gbé mi lọ." Ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Ṣé ó padà?"

"Ta ni?"

"Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Ṣé o rí ipasẹ̀ tó padà lọ?"

"Rárá."

Ó gbójú sókè. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn mi. Ó gba ẹ̀gbẹ́ èjìká mi wo inú ilé. Ojú rẹ̀ rọ̀ bí mi ò ṣe rí i láti ọdún méjì.

"Káàárọ̀," ó ní.

Kì í ṣe èmi ló ń kí.

Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún un. Ó mi orí bí ẹni tó gbà, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó sọdá ọ̀nà, ó wọlé rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Mo dúró síbẹ̀, tèmi ti ìgbálẹ̀, títí omi fi wọ inú bàtà mi. Mi ò fẹ́ wẹ̀yìn.