Ìyàwó Ajíhìnrere Tí Kò Lè Gbàdúrà

Obìnrin tí ìtàn yìí dá lé lórí kì í mutí. Oògùn kò sí lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà ní gbangba rí. Bí o bá pàdé rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tó wé gèlè funfun, wàá ní ẹni ọ̀run ló ń bọ̀ yìí. Síbẹ̀, ọ̀nà ìparun ló ń tọ̀.

Beatrice ni orúkọ rẹ̀. Òun ni aya Olúgbóyèga Adésànyà, ajíhìnrere tí wọ́n mọ̀ láti Festac títí dé àwọn abúlé etí omi níhà Badagry. Ilé tí bàbá Beatrice, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, fi sílẹ̀ fún un ní Festac ni wọ́n ń gbé. Ìyìn, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà ní yunifásítì ní Ìlọrin.

Iṣẹ́ Olúgbóyèga kì í jẹ́ kó gbélé. Láàárín ọ̀sẹ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á di ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti ẹní sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n á forí lé ọ̀nà Badagry. Bó bá padà dé, ohùn á ti há, ẹrẹ̀ á ti gbẹ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀. Kó tó fọwọ́ kan oúnjẹ, àwọn tó wá gba àdúrà á ti jókòó sí pálọ̀. Beatrice á gbé omi kaná, á rẹ ṣẹ́ẹ̀tì, á din dòdò fún àlejò. “Mọ́mì” ni gbogbo wọn ń pè é. Ọjọ́ tí kò bá sí àlejò, á wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Agboju, níbi tó ti ń ránṣọ.

Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ó máa ń bá ọkọ rẹ̀ lọ. Ẹ̀fọn jẹ ẹ́, ẹrẹ̀ gba bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ní òun ò lọ mọ́. Ọkọ rẹ̀ kò fi ipá mú un.

Ohun tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ni pé Beatrice kò tíì ronú pìwà dà rí. Inú ìjọ ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ó mọ orin lórí, ó mọ ìgbà tí wọ́n ń kúnlẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n ń dìde. Ó fẹ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run, ó sì rò pé ìyẹn tó.

Nígbà tó yá, Yíwọlá dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń lọ sí abúlé. Opó ni. Kuje tí kò jìnnà sí Festac ló ń gbé pẹ̀lú Dammy, ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré, nínú yàrá tí Akíntúndé, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó kú, yọ̀ǹda fún un nínú ilé ẹbí wọn. Ìyá Yíwọlá jẹ́ ará Badagry, nítorí náà ó gbọ́ èdè Ègùn yékéyéké. Òun ló ń túmọ̀ ìwàásù Olúgbóyèga. Bó bá sì kọrin kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀, àwọn apẹja á fi àwọ̀n wọn sílẹ̀ wá gbọ́.

Lọ́jọ́ kan tí Olúgbóyèga ti ìrìn àjò dé, ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè pé, “Bàbá Ìyìn, báwo lọ̀hún?”

“A dúpẹ́. Ohùn mi ò jáde rárá, àmọ́ Yíwọlá gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọkàn wọn. Ẹ̀bùn Ọlọ́run lọmọ yẹn.”

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó bu ẹ̀bà, ó ń jẹun. Ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn wọ Beatrice lára bí abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ sínú aṣọ. Láti ọjọ́ yẹn, kí ó tó rẹ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀, á kọ́kọ́ gbé e símú. Èéfín àti òórùn ẹja nìkan ló ń gbọ́. Pé kò rí nǹkan kan kò tù ú nínú. Ó ní ọgbọ́n ni wọ́n ń dá.

Yíwọlá mú ẹja gbígbẹ wá fún un láti abúlé. “Mọ́mì, ẹ̀yin ni mo rà á fún o.” Beatrice rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́. Nígbà tí àlejò lọ tán, ó da ẹja náà sínú pàǹtí. Lọ́jọ́ mìíràn, Olúgbóyèga ń wẹ̀, ó ń kọ orin Ègùn kan lábẹ́lẹ̀. Beatrice gbá ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀.

“Ṣé ẹ ò lè kọrin Yorùbá nínú ilé yìí ni?”

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni.

Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Beatrice bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Àwọn ará ìjọ ń kan sáárá sí i, wọ́n ní ààwẹ̀ ló ń gbà fún iṣẹ́ Olúwa. Kò sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Akíntúndé wá gba agbádá tó fún un rán ní Agboju. Ọkùnrin onínúfùfù ni, ó sì fẹ́ràn orúkọ ẹbí rẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ. Beatrice ká agbádá náà sínú ọ̀rá. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

“Ẹ̀gbọ́n, mi ò sọ nǹkan kan o. Ẹ kàn máa ṣọ́ ìyàwó àbúrò yín.”

“Yíwọlá? Kí ló ṣe?”

“Gbogbo ìrìn abúlé yẹn, kì í ṣe tìtorí Ọlọ́run nìkan ló ṣe ń rìn ín. Ọkùnrin pọ̀ lọ́hùn-ún. Ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń ṣe mí láàánú.”

Ó fọgbọ́n yọ ọkọ tirẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Akíntúndé kò tilẹ̀ béèrè ẹlẹ́rìí. Ìyàwó ajíhìnrere ló sọ ọ́. Ta ni kò ní gbà á gbọ́?

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí Yíwọlá fi dé Festac pẹ̀lú báàgì kan lọ́wọ́, ojú rẹ̀ wú. Ọ̀sán gangan ni, Olúgbóyèga wà ní Badagry. Beatrice nìkan ló wà nílé.

“Mọ́mì, wọ́n ti gba Dammy lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n Akíntúndé ti gbé e lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn obìnrin ní Abẹ́òkúta. Wọ́n da ẹrù mi síta. Wọ́n ní alágbèrè ni mí. Mo bi wọ́n pé ta ló sọ ọ́, wọn ò dá mi lóhùn.”

Beatrice ní kó jókòó. Yíwọlá kò jókòó, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ bá mi gbàdúrà, Mọ́mì. Ẹ̀yin lẹ súnmọ́ Ọlọ́run.”

Beatrice gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó la ẹnu. Àdúrà tó ti ń gbà láti kékeré, tó mọ̀ bí ẹní mọ orúkọ ara rẹ̀, kò jáde. Ó tún la ẹnu. Ọwọ́ rẹ̀ lórí obìnrin náà wúwo bí òkúta.

Nígbà tí Yíwọlá kò gbọ́ ohùn, òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. “Jésù, Ìwọ lo mọ̀ mí. Ẹni tó bà mí jẹ́, mi ò tíì lè dárí jì í lónìí. Ràn mí lọ́wọ́. Bá mi tọ́jú ọmọ mi. Sì bù kún Mọ́mì tó ṣílẹ̀kùn fún mi.”

Àní nínú ìtìjú yẹn, owú tún jẹ Beatrice. Lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ọkọ. Ó jowú àdúrà náà. Ẹni tí kò nílé, tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí ẹní ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Òun tó nílé, tó lọ́kọ, tó lọ́mọ, kò ní ẹnì kankan tí òun lè pè lọ́run. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà á ní tòótọ́.

Ó fi Yíwọlá sí yàrá Ìyìn kó sùn. Ó bọ́ sí ilé ìdáná, ó jókòó sórí àpótí, kò dáná. Ibẹ̀ ni Olúgbóyèga bá a nígbà tó dé ní ìrọ̀lẹ́.

“Ìyá Ìyìn, kí ló dé?”

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ṣẹ́ẹ̀tì tó ń gbé símú, ẹja tó dà nù, ọ̀rọ̀ tó sọ fún Akíntúndé. Olúgbóyèga fara ti ògiri. Ìbínú yọ lójú rẹ̀.

“O gba ọmọ lọ́wọ́ opó, Beatrice. Nítorí mi?”

“Owú ni. Owú ló ń jẹ mí.”

Ìbínú Olúgbóyèga di omi lójú rẹ̀. “Gbogbo abúlé tí mo dé ni mo ti ń bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè kan. Mi ò bi ọ́ rí. Mo rí ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì rò pé o ti wọlé. Dákun, dá mi lóhùn: ṣé o ti gba Jésù fúnra rẹ rí, àbí ìyàwó mi nìkan lo jẹ́?”

Beatrice wolẹ̀. “Ìyàwó yín nìkan ni mo jẹ́.”

Olúgbóyèga kúnlẹ̀ tì í. Kò wàásù gígùn. Ó sọ fún un pé Jésù kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tó hàn síta àti nítorí èyí tó fara pamọ́ sábẹ́ gèlè funfun.

“Ṣé Ọlọ́run á gba irú mi? Èmi tí mo ń fi orúkọ rẹ̀ bojú?”

“Irú rẹ ló wá wá. Má gba àdúrà tí o há sórí. Sọ òtítọ́ fún un.”

Beatrice sunkún. “Jésù, òjòwú ni mí. Òpùrọ́ ni mí. Mi ò mọ̀ Ọ́ rí. Ṣàánú mi, gbà mí.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹnì kan gbọ́ òun.

Ní òwúrọ̀, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Yíwọlá, ó jẹ́wọ́. Yíwọlá dìde, ó jáde sí bákónì, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i. Kò bú u, kò sì dì mọ́ ọn. Nígbà tó padà wọlé, ó ní, “Ẹ dìde, Mọ́mì. Ẹ jẹ́ ká lọ gba ọmọ mi.”

Ní Kuje, lójú gbogbo ayálégbé tó wà nínú àgbàlá, Beatrice sọ ọ́ ketekete: “Ẹ̀gbọ́n Akíntúndé, irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Owú ló sún mi ṣe é. Obìnrin yìí kò ṣe ohunkóhun.”

“Ìwọ, ìyàwó ajíhìnrere!” Akíntúndé bú u débi tí àwọn aládùúgbò fi yọjú. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín ẹ̀sín. Beatrice dorí kodò. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin náà gbé fóònù, ó pe Abẹ́òkúta. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, Dammy ti padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nínú yàrá wọn ní Kuje.

Ọ̀rọ̀ náà tàn dé Agboju. Àwọn oníbàárà kan kò fún Beatrice láṣọ rán mọ́. Yíwọlá náà kò tètè gbàgbé. Ó pẹ́ kó tó lè jẹun nílé wọn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ dé tó fúnra rẹ̀ di ọwọ́ Beatrice mú, tó ní, “Mọ́mì, mo ti dárí jì yín. Ọkàn mi ti fúyẹ́.” Àwọn méjèèjì sunkún. Àlàáfíà tí Beatrice kò rí nínú gbogbo ọdún tó fi ń jẹ́ Mọ́mì ìjọ ti wà lọ́kàn rẹ̀ báyìí.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bóyá ìwọ náà kì í mutí. Bóyá bàbá rẹ jẹ́ alàgbà, tàbí kó jẹ́ pé ìwọ lo máa ń ṣílẹ̀kùn ilé ìjọsìn. Ta ni o ń wò tí inú rẹ ń bàjẹ́ pé ó rí ojú rere? Ọ̀rọ̀ wo lo ti sọ ní bòókẹ́lẹ́ tó ń ba ayé ẹlòmíràn jẹ́ báyìí? Ọlọ́run gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó ń tìtorí ọkọ tàbí ìyàwó wọ ìjọba ọ̀run. Ẹnu tìrẹ ni Jésù fẹ́ gbọ́.

Má ní kó di ọ̀la, má sì wá àdúrà tó dùn létí. Jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún un bó ṣe rí gan-an. Bí ẹnì kan bá sì wà tí o ṣẹ̀, dìde lọ bá a. Jésù kò lé Beatrice padà. Kò ní lé ìwọ náà. Ó ń dúró dè ọ́ níbi tí o wà yẹn. Pè é.