Ohùn Tó Pe Ulé ní Ilé

Bí ẹ bá dé ọjà Ìlogbò-Èkìtì lọ́jọ́ ọjà, tí ẹ gbọ́ ẹ̀rín kèékèé lápá ibi tí wọ́n ń to iṣu sí, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu láti béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Morìnsọ́lá ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ Ìkirè ni. Ọkọ rẹ̀, Àjàní tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ló mú un wá sí ìlú náà, ó sì ti pé ọdún mẹ́rìnlá tó ti ń ta iṣu níbẹ̀. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò yí.

"Ẹ wá ra iṣu o! Iṣu tó gbó dáadáa!"

"Uṣu!" Christiana tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ á dá a lóhùn. "Morìnsọ́lá, uṣu là ń jẹ níhìn-ín. Ulé là ń gbé, uṣẹ́ là ń ṣe. Ìwọ wá jókòó, ò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Bó bá ti jinná, ṣé ẹ ò ní í jẹ ẹ́ ni?"

Wọ́n á tún bú sẹ́rìn-ín. Morìnsọ́lá náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ká má parọ́, ó máa ń dùn ún díẹ̀. Ìlogbò ló bí Ayọ̀mípọ̀sí sí, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un, síbẹ̀ àlejò ni wọ́n ṣì ń pè é.

Lọ́jọ́ ọjà kan, nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri ọjà. Ẹnì kan ló fi ohùn tó gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sórí Wasáàpù àwọn ọlọ́jà. Christiana tẹ tirẹ̀, gbogbo ìsọ̀ sì gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ̀yin ará ìlú mi o! Ọmọ Ìlogbò ni mí, Ìlogbò ni wọ́n bí mi sí, Ìlogbò ni mo dàgbà sí. Àwọn agbésùnmọ̀mí ti wọ Ayétòrò! Wọ́n ti dáná sun ilé tó lé ní mẹ́wàá, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ń bọ̀. Ẹ má gba títì o, wọ́n wà ní títì. Ẹ kó àwọn ọmọ yín nílé ẹ̀kọ́, ẹ gba ọ̀nà oko Àbà Títun sá lọ. Ẹ fi iṣu sílẹ̀, ẹ fi ilé sílẹ̀, ẹ̀mí ló jù! Ẹ tètè fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí ẹ mọ̀!"

Yéè! Ọjà dàrú. Ẹni tó ń wọn gààrí da gààrí nù. Àwọn géńdé kan fa àdá yọ, wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn lébìrà tó wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn làwọn ń lọ, pé àwọn yẹn ló fọ̀nà han ọ̀tá. Kí Morìnsọ́lá tó gbéra, ó ti fi ohùn náà ránṣẹ́ sí Àjàní, ó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìkirè, ó fi ránṣẹ́ sí ìjọ wọn. Ẹ má fi í ṣe ẹlẹ́yà o. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà ló bẹ́ sáré, ó di ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀. Christiana tẹ̀ lé e.

Ọ̀gá Bámigbóyè, olùkọ́ àgbà, ti dá típà kan tó wá já yanrìn dúró. Ó ń gbé àwọn ọmọ sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti tó ogójì lókè. Ayọ̀mípọ̀sí wà láàárín wọn, ó ń sunkún, bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan ti bọ́ sọnù.

"Ìyá Ayọ̀mípọ̀sí, ẹ gòkè kíákíá!" ni olùkọ́ àgbà kígbe.

"Ọ̀nà wo gan-an ni wọ́n ní ká gbà?" awakọ̀ béèrè.

Olùkọ́ àgbà tún ohùn náà tẹ̀ kí awakọ̀ lè gbọ́. Morìnsọ́lá ti gbé ẹsẹ̀ kan lé táyà. "Ẹ fi iṣu sílẹ̀," ni ohùn náà ń wí, "ẹ fi ilé sílẹ̀."

Ó sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀. Iṣu. Ilé. Bí òun gan-an ṣe ń pè é nìyẹn, tí wọ́n fi ń fi òun rẹ́rìn-ín láti ọdún mẹ́rìnlá.

"Ẹ dúró! Ẹni yìí kì í ṣe ọmọ ìlú yìí!"

"Kí lẹ wí?"

"Ó ní Ìlogbò ni wọ́n bí òun sí, ibẹ̀ lòun dàgbà sí. Ṣé ọmọ Ìlogbò tí iná bá ń jó níwájú rẹ̀ á máa pariwo 'ilé, ilé' ni? Irọ́ ló ń pa! Ta ni bàbá rẹ̀? Kí ló dé tí kò dárúkọ ara rẹ̀?" Ó yí síwájú típà, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ọmọ mi ò ní í gba Àbà Títun lọ. Àfi kí ẹ gun orí mi kọjá."

"Ṣé irú àsìkò yìí lẹ fẹ́ fi ṣàwàdà?" ọkùnrin kan fìbínú sọ. "Àlejò lásánlàsàn! Ta ló mọ̀ bóyá ìwọ gan-an lo rán wọn?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Morìnsọ́lá lára, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Christiana ló là á já.

"Pa ẹnu rẹ mọ́!" ló sọ fún ọkùnrin náà. "Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń fi ẹnu obìnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́, bí ẹnì kan bá wà tó mọ ìyàtọ̀, òun ni. Òótọ́ ló sọ. Èmi náà gbọ́ ọ, ẹ̀rù ni ò jẹ́ kí n fura. Ọ̀gá, ẹ kó àwọn ọmọ sọ̀kalẹ̀!"

Ibi tí wọ́n ti ń fà á ni Nathaniel Afọlábí ti dé, tòun ti ọkọ́ lọ́wọ́. Bàbá Sójà ni gbogbo ìlú ń pè é. Ó ṣiṣẹ́ ológun ní Borno fún ọdún mẹ́fà kó tó fẹ̀yìn tì wá sí oko kòkó rẹ̀. Ó gbọ́ tẹnu olùkọ́ àgbà, ó gbọ́ ti Morìnsọ́lá, ó sì béèrè ìbéèrè kan péré.

"Ta ló ti pe Ayétòrò?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù ọwọ́ wọn.

"Gbogbo yín lẹ ní fóònù lọ́wọ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún èèyàn, kò wá sí ẹni tó pe ẹyọ ẹnì kan?"

Ó pe Jemimah, àbúrò rẹ̀ tó ń dín gààrí ní Ayétòrò, ó sì ṣí ohùn fóònù náà sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́.

"Uná?" Jemimah ní. "Uná kí? Ẹ̀gbọ́n, uná ìdí agbada mi nìkan ló ń jó ní Ayétòrò yìí, òun náà ló fẹ́ kú báyìí tí ẹ dá mi dúró!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan bú sẹ́kún. Bàbá Sójà ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

"Ẹ rò ó wò," ó ní. "Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ yè á ní kí ẹ lọ síbi tí èrò pọ̀ sí. Kí ló dé tí èyí fi ní kí ẹ kó ọmọ, kí ẹ wọ ugbó? Ẹnì kan ń dúró dè yín ní Àbà Títun."

Olùkọ́ àgbà di orí rẹ̀ mú. Awakọ̀ típà pa ẹ́ńjìnnì. Morìnsọ́lá gba ọmọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó sì dì í mọ́ra pinpin.

Lójú ẹsẹ̀ ni Bàbá Sójà pe nọ́ńbà pàjáwìrì, 112, ó pe Àmọ̀tẹ́kùn ní Àrámọ̀kọ, ó pe olórí ọdẹ. Ó ránṣẹ́ sí àwọn géńdé aládàá pé kí wọ́n padà, wọn kò sì tíì kan ẹnikẹ́ni lára. "Ṣé ẹ fẹ́ lu ẹni tí kò ṣẹ̀ ni?" ó bá wọn wí. "Lọ́la, agbésùnmọ̀mí á lọ bá a, á ní, 'Ṣé o rí i pé wọn ò fẹ́ràn rẹ? Wá bá wa.' Ẹ̀yin lẹ bá wọn gba ọmọ ogun yẹn o!"

Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ọkọ̀ Àmọ̀tẹ́kùn fọn fèrè wọ ìlú. Ọkùnrin márùn-ún ló wà lẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n ti de ọwọ́ wọn. Ní kọ́nà Àbà Títun ni Àmọ̀tẹ́kùn ti ká wọn mọ́. Àwọn ọkùnrin náà ti gé igi dínà, wọ́n gbé ìbọn, wọ́n sì kó okùn tó pọ̀ dání. Okùn tí wọ́n fẹ́ fi de àwọn ọmọ ni.

Èyí tó kéré jù nínú wọn ń bẹ̀bẹ̀. "Ẹ ṣàánú mi, ilé ni mo fẹ́ lọ!"

Ilé! Gbogbo ìlú mọ ohùn náà.

Ẹ ò gbọ́ ariwo ayọ̀ rí! Àwọn obìnrin gbé Morìnsọ́lá sókè, wọ́n gbé e yí ọjà ká. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń pàtẹ́wọ́, Ayọ̀mípọ̀sí ń jó lẹ́sẹ̀ tó wọ bàtà àti èyí tí kò wọ̀. Ọkùnrin tó pè é ní àlejò lásánlàsàn wá dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, Morìnsọ́lá sì fà á dìde.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ Bàbá Sójà pé kí ló ń sọ ọmọ ènìyàn di irú èyí.

"Kò sí ẹni tó kàn jí lọ́jọ́ kan tó ní òun fẹ́ máa pààyàn," ó dáhùn. "Àwọn tí mo bá pàdé ní Borno, òmíràn ò níṣẹ́, òmíràn ò fojú kan ulé ẹ̀kọ́. Wọ́n fìyà jẹ òmíràn, kò rẹ́ni gba ẹjọ́ rẹ̀ rò. Ẹnì kan tó mọ ọ̀rọ̀ sọ á wá tọ̀ ọ́, á fún un lóúnjẹ, á fi ẹni tó yẹ kó kórìíra hàn án, á sì ní Ọlọ́run ló wí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀yà kan, kì í ṣe ẹ̀sìn kan. Ìyẹn ò sì ní kí wọ́n má dúró níwájú adájọ́ o. Mo rí ulú tó tóbi ju Àrámọ̀kọ lọ tí ewúrẹ́ nìkan ṣẹ́ kù síbẹ̀. Mo rí àgbẹ̀ ńlá tó tò sórí ìlà nítorí ife ìrẹsì kan nínú àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò. Ẹ̀rù ni ohun ìjà wọn tó lágbára jù. Lónìí, wọn ò tíì yin ìbọn kankan tí gbogbo yín ti fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara yín rìn lọ bá wọn."

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí. Bí irú ohùn bẹ́ẹ̀ bá dé orí fóònù yín, ẹ má fi ránṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ pe ẹni tó wà níbi tí wọ́n ní ó ti ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì pe 112 tàbí àwọn agbófinró tó sún mọ́ yín. Bí ẹ bá ti ṣì í fi ránṣẹ́, ẹ ṣe bíi ti Morìnsọ́lá: kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, ó ti sọ fún gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé irọ́ ni. Ẹ má fọwọ́ kan àlejò tí kò ṣẹ̀. Kì í ṣe èdè ọmọkùnrin yẹn ló mú un, irọ́ tó pa ló mú un. Ẹ fún àwọn ọ̀dọ́ yín níṣẹ́ àti etí ìgbọ́, kí ẹlòmíràn má baà gbà wọ́n lọ́wọ́ yín.

Àwọn ọlọ́jà padà sí ìsọ̀ wọn, ọjà ò sì tú títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Oníbàárà kan dúró síwájú ìsọ̀ méjèèjì, Morìnsọ́lá sì la ẹnu láti polówó, ṣùgbọ́n Christiana ti ṣáájú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ròkè, gbogbo ọjà sì yíjú wò ó.

"Iṣu rèé o!" ló ń pariwo. "Ẹ wá ra iṣu lọ́wọ́ Morìnsọ́lá, ọmọ Ìlogbò!"