Ọwọ́ Ọ̀tún Bàbá Dúrójaiyé

Òkèlè náà tún bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Dúrójaiyé. Ó já lu itan rẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sì ta sí ṣòkòtò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Túnráyọ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀, jókòó lórí àpótí níwájú rẹ̀. Ó káwọ́ sórí itan, kò dìde.

Ìyá Àrìnkẹ́, aládùúgbò wọn tó wá yá asẹ́, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rí gbogbo rẹ̀.

"Túnráyọ̀! Ṣé sinimá lò ń wò ni? Àgbàlagbà ń jìyà lórí oúnjẹ, o jókòó tẹtẹrẹ!"

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Bàbá ló ní kí n má ran òun lọ́wọ́."

"Bàbá ló ní! Ìwé ni wọ́n ń kọ́ yín, wọn ò kọ́ yín níwà!"

Kí Bàbá tó lanu sọ̀rọ̀, obìnrin náà ti gbé abọ́, ó ti ń bọ́ ọ bí ìkókó. Asẹ́ tó tìtorí ẹ̀ wá, ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ má tíì bá Ìyá Àrìnkẹ́ bínú o. Àìsàn rọpárọsẹ̀ ló kọlu Bàbá nínú oko kòkó rẹ̀ lọ́nà Atosin, lọ́dún 1980. Ẹsẹ̀ padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún kọ̀ jálẹ̀. Àgbà wo ni yóò wá máa fi ọwọ́ òsì jẹun nílẹ̀ wa? Bàbá ní òun ò jẹ́ ṣe é láé. Ni wọ́n bá ń bọ́ ọ. Ìfẹ́ ni, irọ́ kọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọlé a gba ṣíbí, àfi bíi pé wọ́n ń du oyè. Kò sẹ́ni tó ṣàkíyèsí pé ọwọ́ tí wọn ò jẹ́ kó ṣe nǹkan kan ti ń gbẹ.

Túnráyọ̀ ṣàkíyèsí, torí nǹkan tójú òun náà ti rí. Ìgbà kan wà tó ṣubú níbi tí wọ́n ti ń ṣeré nẹ́tíbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ jù sáwọ̀n, nílé ìwé, apá rẹ̀ kán, wọ́n fi P.O.P. dì í. Ọjọ́ tí wọ́n tú u, apá náà ti rí tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Mísì Oyèṣọlá, tó ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìlera àti eré ìdárayá, fún un ní bọ́ọ̀lù tẹníìsì kan.

"Máa tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Ìwọ ni kí o máa ya irun ara rẹ. Iṣan tí a kò bá lò, ṣe ló máa ń rọ."

Túnráyọ̀ sunkún títí, ṣùgbọ́n kí táàmù tó parí, ó ti ń ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n padà. Ìgbà náà ló béèrè bóyá ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún Bàbá. Mísì ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi dókítà. Dókítà tó ń tọ́jú Bàbá l'Ákùúrẹ́ ní ó dára, kí ó máa gbìyànjú fúnra rẹ̀, kí ẹnì kan ṣáà wà nítòsí. Inú Bàbá dùn.

"Ó dáa. Má ràn mí lọ́wọ́ o, àfi tí mo bá pè ọ́."

Kó tó di Àjíǹde, ìka Bàbá ti ń di bọ́ọ̀lù náà mú.

Ṣùgbọ́n ohun tí Ìyá Àrìnkẹ́ rí lọ́jọ́ náà ti tàn kálẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé sọ ọ́ ní Ọlọ́kàn-Òkúta. Wọ́n á nawọ́ sí àwọn òkè àpáta tó yí ìlú ká, wọ́n á ní, "Wo ẹbí ẹ lọ́hùn-ún!" Nígbà tí Àjíǹde dé, Àǹtí Bernadette, ọmọ Bàbá tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá Túnráyọ̀, ti Àkúrẹ́ wá lo ìsinmi. Ó bá ọbẹ̀ láṣọ Bàbá.

"Bàbá tó tọ́ gbogbo wa lẹ sọ di ọmọ tó ń fi oúnjẹ kun ara! Túnráyọ̀, má jẹ́ kí n tún rí i!"

Èébú ti sú ọmọ náà. Ta ni kì í fẹ́ kí wọ́n pe òun lọ́mọ dáadáa? Láti ọjọ́ kejì ló ti ń bọ́ Bàbá, kíákíá, láìjẹ́ kí ọbẹ̀ ta sílẹ̀. Ìyìn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀jò. Ìyá Àrìnkẹ́ tiẹ̀ ra bisikíìtì fún un. Bọ́ọ̀lù tẹníìsì yí lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bàbá ń lanu, ó ń gbé e mì, kì í sọ̀rọ̀ mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kí ìsinmi náà tó parí, Túnráyọ̀ wá bọ́ọ̀lù náà rí, ó fi í sí Bàbá lọ́wọ́. Ó jábọ́. Àwọn ìka náà ti ń ká kò bíi ti tẹ́lẹ̀. Bàbá wò ó.

"Túnráyọ̀, ṣé ìwọ náà ti gbà pé mo ti kú ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọnú egungun. Nígbà tí Àǹtí Bernadette gbé abọ́ oúnjẹ àti ṣíbí dé nírọ̀lẹ́, Túnráyọ̀ kúnlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ṣíbí yẹn sílẹ̀."

"Kí lo wí?"

"Dókítà ní kí Bàbá máa bọ́ ara wọn. Mo mọ̀, mo dákẹ́ torí kí ẹ lè máa yìn mí. Ọwọ́ Bàbá ló ń jìyà rẹ̀."

Àǹtí gbọ́wọ́ sókè láti gbá a létí.

"Bernadette!" Ohùn Bàbá le. "Má fọwọ́ kan ọmọ yẹn. Látìgbà tí mo ti ń ṣàìsàn, ta nínú yín ló bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́?"

Àǹtí rọra kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Kí lẹ fẹ́?"

"Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi jẹun."

Òkèlè àkọ́kọ́ bọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e bọ́. Àǹtí fi ọwọ́ kan di èkejì mú kó má baà ràn án lọ́wọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, òkèlè kan dé ẹnu Bàbá, ó sì gbé e mì.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, bí aláìsàn bá wà nílé yín, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó fẹ́. Ẹ má gba ohun tó lè ṣe mọ́ ọn lọ́wọ́, kí ẹ wá máa pè é ní ìtọ́jú. Bí ẹ bá sì ti mọ ohun tó tọ́, ẹ má torí ìyìn fi í sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọdún tuntun 1982, gbogbo ẹbí kúnlẹ̀ fún àdúrà. Lọ́dún tó kọjá, ẹnu nìkan ni Bàbá fi súre. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pe Túnráyọ̀ ṣáájú. Ọwọ́ ọ̀tún náà gbọ̀n, ó gbéra díẹ̀díẹ̀, ó sì bà lé orí ọmọ náà. Bàbá gbàdúrà tẹ́rùn kó tó gbójú sókè.

"Bernadette, súnmọ́ bí. Ó kàn ọ́."